Ọmọ ayò mi ò pé 48 mọ́: iye tí gbogbo èèyàn jọ ń lò nínú Udon Graph

Ará_Tánkẹ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ àgbàlá kan sínú VRChat, ibi orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ti ń pàdé nínú ayé tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ́. Àgbàlá ilé bàbá-bàbá mi ní Ọ̀fà ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe: igi kan láàárín, àpótí ìjókòó méjì, ọpọ́n ayò láàárín wọn. Èmi ń gbé Tánkẹ̀ níbí ní Ìlọrin, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti fọ́n káàkiri. Mo fẹ́ ká lè máa pàdé lábẹ́ igi yẹn lálẹ́, ká ta ayò bí a ṣe ń ṣe nígbà tí bàbá wà láyé. Ilé ti dúró, igi ti dúró. Ayò nìkan ló kù tí kò gbà.

Nínú Udon Graph, irinṣẹ́ VRChat tí a fi ń so nóòdù (àpótí iṣẹ́) pọ̀ dípò ká kọ kóòdù, mo ní variable kan (ibi tí a ń fi iye pamọ́ sí) tó jẹ́ àkójọ iye méjìlá, ilé kọ̀ọ̀kan ní ọmọ 4, gbogbo rẹ̀ 48. Tí mo bá tẹ ilé kan, Interact (tó ń jí nígbà tí èèyàn bá tẹ nǹkan) á ṣiṣẹ́, àwọn nóòdù á yí iye padà, ọmọ ayò á gbéra lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó níwájú mi kò ní rí nǹkan kan. Tí òun náà bá ta, èmi ò ní rí i. Nígbà tí mo fi àmì sí "synced" (kí iye lè máa dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn), ó tún burú sí i: mo á ta, ọmọ ayò á rìn, nígbà tó bá yá á tún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó kàn mí ni iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jẹ, tó wà lórí àwo méjì lọ́tọ̀, ìkan níwájú ẹ̀gbọ́n mi, ìkan níwájú mi. Lálẹ́ àná mo ka ọmọ ayò ojú ọpọ́n àti tinú àwo pọ̀, ó jẹ́ 53.

Mo ti lo dátà gígábáìtì méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Òǹkọ́lé_Gáà-Àkàńbí

Ará_Tánkẹ̀, o kú ìsapá. Má tíì fọwọ́ kan okùn kankan nínú graph náà. Kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: ta ló ni ọpọ́n?

Nínú VRChat, GameObject (ohunkóhun tó wà nínú ayé náà) tí iye rẹ̀ ń rìn láàárín àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó ni ín, òun ni wọ́n ń pè ní owner. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló máa ń ni gbogbo nǹkan ní ìbẹ̀rẹ̀, àfi tí a bá gbé e fún ẹlòmíràn. Iye tó wà lọ́wọ́ owner ni ẹ̀rọ ń kó ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Tí ìwọ tí kì í ṣe owner bá lo nóòdù Set, kò sẹ́ni tó máa dá ọ dúró, àmì pupa kankan ò sì ní yọ. Iye náà á yí padà nínú kọ̀ǹpútà tìrẹ nìkan. Ìgbà tí owner bá tún fi tirẹ̀ ránṣẹ́, tirẹ̀ á bo tìrẹ mọ́lẹ̀. Ìdí tí ọmọ ayò fi ń padà sílé nìyẹn.

Bí o ṣe máa so ó rèé. Láti ara Interact, fa okùn lọ sí Networking SetOwner. Ẹni tí o máa gbé e fún ni LocalPlayer (ìwọ fúnra rẹ), ohun tí o máa gbé fún un ni ọpọ́n náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o yí iye padà, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìgbà tí o bá ta tán pátápátá, pe RequestSerialization, èyí tó ń fi iye ránṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan péré. Gba ọpọ́n, ta, fi ránṣẹ́: bí ó ṣe máa tẹ̀ léra nìyẹn, má yí i po. SetOwner máa ń mú lójú ẹsẹ̀ nínú ẹ̀rọ tìrẹ, o ò ní láti dúró kí o tó ta. Kí o sì fi UdonBehaviour náà (ohun tó ń gbé graph lára ọpọ́n) sí Manual, níbi tí iye kì í ti í lọ àfi tí o bá ní kó lọ. Níbẹ̀ ni RequestSerialization ti wúlò, níbẹ̀ sì ni kí o jẹ́ kí àkójọ iye máa gbé.

Ohun kan tún wà tó ti dààmú ọ̀pọ̀ wa. OnDeserialization máa ń jí lọ́dọ̀ àwọn tó gba iye tuntun. Kì í jí lọ́dọ̀ owner tó fi ránṣẹ́. Tí o bá wá fi iṣẹ́ títún ọmọ ayò tò sábẹ́ OnDeserialization nìkan, gbogbo òǹwòran á rí bí o ṣe ta, ìwọ tí o ta gan-an ò ní rí i. Fi iṣẹ́ náà sínú Custom Event kan (event tí o sọ lórúkọ fúnra rẹ), pè é ní TunOponTo. Kí OnDeserialization máa pè é, kí ìwọ náà pè é lẹ́yìn tí o bá fi ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Òmù-Àrán

Òótọ́ ni Òǹkọ́lé sọ, ṣùgbọ́n kò tíì kan 53 yẹn, ọmọ ayò kì í sì í bí sí i lórí ọpọ́n.

Wò ó báyìí. Ọpọ́n jẹ́ GameObject kan, àwo méjì jẹ́ GameObject méjì. Ohun mẹ́ta, owner mẹ́ta lè wà. O jẹ méjì nílé kan, o jẹ mẹ́ta nílé kejì, àwo tìrẹ gba márùn-ún torí ìwọ lo ni ín. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni ọpọ́n wà, ẹ̀rọ rẹ̀ sì dá márùn-ún yẹn padà sójú ọpọ́n. 48 pẹ̀lú 5, ó di 53.

SetOwner nìkan ò lè wo èyí sàn. Ó yẹ kí gbogbo iye tó gbọ́dọ̀ yí padà pa pọ̀ wà lórí UdonBehaviour kan ṣoṣo: ilé méjìlá, ohun tí oníkálùkù jẹ, àti ẹni tó kàn láti ta. Nínú Manual, inú àpò kan náà ni gbogbo variable tó ní sync lórí behaviour kan ń rìn. Tí o bá pín wọn sí méjì tàbí mẹ́ta, kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí èyí tó máa kọ́kọ́ dé, òǹwòran lè rí i pé o ti jẹ kó tó rí i pé o ta. Àwo kàn ń ṣàfihàn ni. Kò yẹ kó ní iye tirẹ̀.

Ayò ní ohun kan tó dáa tí àwọn eré míì kò ní: 48 kì í yẹ̀. Lo ìyẹn. Ní ìparí TunOponTo, ro ilé méjìlá àti ohun tí ẹ jẹ pọ̀. Tí kò bá jẹ́ 48, kí Debug LogError kọ ọ́ síta pẹ̀lú orúkọ owner ìgbà yẹn. Wákàtí mẹ́ta tí o fi ń ṣe wòye á di ìṣẹ́jú méjì.

Mo tún ń rí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ tí o ò tíì béèrè. Nóòdù tó ń yí ohun tó wà nínú ilé kan nínú àkójọ kò yí variable náà fúnra rẹ̀ padà, nítorí náà OnVariableChanged, tó ń jí nígbà tí variable bá yí padà, ò ní jí fún un. Ó dáa fún iye ẹyọ kan, bíi ẹni tó kàn, tí o bá fi àmì sí sendChange lára nóòdù Set. Fún ilé méjìlá, OnDeserialization ni kí o gbára lé. Àkójọ náà gbọ́dọ̀ ní nǹkan nínú láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí o bá fi í sílẹ̀ lófìfo láìdá a sílẹ̀, gbogbo variable tó kù lórí behaviour yẹn lè dákẹ́ tì í.

Ọmọ_Ajíkòbí

Unreal, irinṣẹ́ mìíràn tí a fi ń kọ́ eré, ni èmi ń lò, mi ò mọ Udon, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un fún ẹni tó bá ń ka èyí tó ń lo Blueprint, ìyẹn nóòdù ti Unreal. Lọ́dọ̀ wa, a kì í gba ọpọ́n lọ́wọ́ ara wa. Server (kọ̀ǹpútà tó ń darí eré) ló ni í títí ilẹ̀ á fi ṣú. O máa fi variable sí RepNotify (kí ìyípadà rẹ̀ lè máa dé ọ̀dọ̀ gbogbo òṣèré), wàá sì rí i dájú pé nóòdù Set rẹ̀ wà lẹ́yìn Has Authority (tó ń wò ó bóyá server ni). Ẹni tó fẹ́ ta á bẹ server pẹ̀lú event tó jẹ́ Run on Server.

Ibi tí èmi ti sun ẹkún ni pé mo fi event Run on Server náà sára ọpọ́n. Kò ṣiṣẹ́, kò sì sọ ìdí. Ọpọ́n tó wà nínú ilé kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn òṣèré, ẹ̀bẹ̀ kò lè gba ara rẹ̀ kọjá. Ara PlayerController tàbí Pawn (ohun tó dúró fún òṣèré nínú eré) ẹni náà ni ẹ̀bẹ̀ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí server tó fọwọ́ kan ọpọ́n.

Ará_Tánkẹ̀

Ọlọ́run á san yín lóore. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí behaviour kan, mo fi SetOwner síwájú, ó ṣiṣẹ́! Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ta odidi eré kan, 48 kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ṣe wọlé láàárín eré kejì. Bó ṣe wọlé báyìí, ọpọ́n padà sí 4, 4, 4 fún gbogbo wa. Ó jáde, ó tún wọlé, ó tún ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti ní kó má wọlé mọ́ títí wọn á fi ta tán, ìyẹn ò sì dára lójú mi, torí òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ́ ilé yìí.

Òǹkọ́lé_Gáà-Àkàńbí

Kí ló wà lábẹ́ nóòdù Start rẹ?

Ará_Tánkẹ̀

SetOwner, lẹ́yìn náà ni mo fi 4 sínú ilé kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà RequestSerialization.

Òǹkọ́lé_Gáà-Àkàńbí

Òun nìyẹn. Start máa ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó bá wọlé, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan fún gbogbo ayé. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin wọlé, ẹ̀rọ rẹ̀ gba ọpọ́n lọ́wọ́ yín, ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo yín. Òun gan-an ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lábẹ́ Start. Sọ àkójọ náà di public, kí o kọ 4 lẹ́ẹ̀méjìlá sínú Inspector (ibi tí a ti ń kọ iye ìbẹ̀rẹ̀ sí) kí o tó gbé ayé náà sókè. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ eré wà. Ẹni tó bá pẹ́ dé á gba ojú ọpọ́n bó ṣe wà lásìkò yẹn, OnDeserialization á jí lọ́dọ̀ rẹ̀, TunOponTo á ṣe ìyókù. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré tuntun, ẹ fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀ tí ènìyàn á fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Òmù-Àrán

Ọ̀rọ̀ ẹni tó pẹ́ dé yìí, mo ti jìyà rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Mo ń kọ́ yàrá kan fún àwọn ère òkúta Èsìẹ́. Èsìẹ́ ò jìnnà sí wa, ibẹ̀ ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí lọ́dún 1945. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun lè rìn láàárín àwọn ère yẹn pẹ̀lú olùkọ́. Mo fi fìtílà kan síwájú ère kọ̀ọ̀kan. Tí olùkọ́ bá tẹ̀ ẹ́, iná á tàn lójú gbogbo ọmọ. Mo lo SendCustomNetworkEvent, tó ń pe event lórí ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn, sí All (gbogbo èèyàn). Ìgbà tí èmi àti ìyàwó mi dán an wò, ó dùn ún wò.

Ọjọ́ tí àwọn ọmọ wá, mẹ́ta wọlé lásìkò, àwọn yòókù ń dé díẹ̀díẹ̀. Olùkọ́ ń ṣàlàyé ère kan tó jókòó, tí irun rẹ̀ dì mèremère, àwọn tó pẹ́ dé sì ń wo òkùnkùn. Ọmọ kékeré kan ń béèrè léraléra pé ère wo ni. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń sọ.

Event dà bí ìkéde tí wọ́n fi gbohùngbohùn ṣe ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ gbọ́. Ẹni tó dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ò gbọ́, kò sì sẹ́ni tó máa tún un sọ fún un. Variable tó ní sync ni pátákó tí wọ́n fi ẹfun kọ nǹkan sí lẹ́nu ọ̀nà: ìgbàkígbà tí o bá dé, wàá kà á. Mo sọ fìtílà kọ̀ọ̀kan di bool kan, ó tàn tàbí kò tàn, ọ̀rọ̀ parí. Ohùn ìlù tó ń dún nígbà tí iná bá tàn ni mo fi sílẹ̀ fún event, torí ẹni tó pẹ́ dé kò nílò láti gbọ́ ìlù tó ti dún kọjá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Málété

Ẹ kú àlàyé o, ẹ̀gbọ́n. Mo ní ìbéèrè tó jọ ọ́. Mo ní agogo kan lẹ́nu ọ̀nà ayé mi. Gbogbo ẹni tó bá wọlé á lù ú, iye á sì gòkè ní ẹyọ kan. Mo ṣe SetOwner, mo fi 1 kún un, mo fi ránṣẹ́, bí ẹ ṣe wí. Ọjọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́fà wọlé pọ̀, agogo kà mẹ́rin.

Òǹkọ́lé_Gáà-Àkàńbí

Àbúrò mi, o kú ìbéèrè. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ fún Ará_Tánkẹ̀ pé kó gba ọpọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, mo sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn fún ayò, torí ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta lẹ́ẹ̀kan náà. Agogo yàtọ̀. Ẹni méjì lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì kà á pé 5 ló wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì kọ 6. Ẹnì kan ti sọnù.

Fún irú èyí, má gba nǹkan kan. Bẹ owner. Láti ara Interact, SendCustomNetworkEvent, Owner ni kí o fi ṣe target, kí event náà máa jẹ́ FiKanKun. Lábẹ́ FiKanKun ni iye ti ń gòkè, lẹ́yìn náà RequestSerialization. Ẹni kan náà ló ń kà á ní gbogbo ìgbà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́fà á sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Ọmọ_Ajíkòbí ń sọ nípa server nìyẹn, aṣọ ló yàtọ̀. Tí owner bá jáde, VRChat fúnra rẹ̀ á yan ẹlòmíràn nínú àwọn tó kù, iye náà ò ní sọnù.

Custom Event tí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè láti òde, ẹ fi àmì _ bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Udon kì í gbà kí wọ́n pe èyí tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. FiKanKun ò gbọdọ̀ ní i. TunOponTo lè ní i.

Ọmọ_Ajíkòbí

Ará_Tánkẹ̀, tí ẹnì kan bá dìde láàárín eré, tí iná lọ tàbí dátà tán, ta ló máa gba ìjókòó rẹ̀? Mo béèrè torí lọ́dọ̀ wa ní Ìlọrin, ìyẹn kì í ṣe "tí", "ìgbà wo" ni.

Ẹ̀gbọ́n_Òmù-Àrán

Ìbéèrè gidi. Fi playerId (nọ́ńbà tí VRChat fún ẹnì kọ̀ọ̀kan) ẹni tó jókòó sínú variable kan fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kó wà lórí behaviour ọpọ́n náà. Lábẹ́ OnPlayerLeft, kí owner nìkan wò ó: ṣé ẹni tó lọ ni nọ́ńbà yìí? Tó bá jẹ́ òun, sọ ọ́ di -1, fi ránṣẹ́. IsOwner (tó ń wò ó bóyá owner ni) gbọ́dọ̀ wà níwájú ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú ayé á máa sáré ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó padà wọlé á gba playerId tuntun, nítorí náà má retí pé ọpọ́n á dá a mọ̀. Kó kàn jókòó padà. Ojú ọpọ́n wà bó ṣe fi í sílẹ̀, ìyẹn ló ṣe pàtàkì.

Akẹ́kọ̀ọ́_Málété

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti ka mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n Ará_Tánkẹ̀, nípa dátà tí ẹ ní ó ń tán: ẹ ò nílò láti máa pe ẹnikẹ́ni wá láti dán an wò. Nínú SDK (àkójọ irinṣẹ́ tí VRChat fún wa láti fi kọ́ ayé), níbi Build & Test, ẹ fi Number of Clients sí 2. Fèrèsé méjì á ṣí lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ̀yin náà lẹ máa wà nínú méjèèjì. Fún ti ẹni tó pẹ́ dé, ẹ ṣí ẹyọ kan, ẹ ta díẹ̀, kí ẹ tó ṣí ìkejì.

Kọ̀ǹpútà mi kò lágbára, ó máa ń gbóná, ṣùgbọ́n ó ń gbé méjì.

Òǹkọ́lé_Gáà-Àkàńbí

Ìmọ̀ràn tó dáa jù lọ nínú gbogbo èyí tí a ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kún un. Àwọn kan máa ń fi gbogbo nǹkan sí Continuous torí kò ní kí wọ́n pe RequestSerialization. Continuous wà fún ohun tó ń rìn láìdúró, bíi bọ́ọ̀lù tàbí ọkọ̀. Kò lè gbé ju nǹkan bí 200 báìtì lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè fo iye tó wà láàárín, ti ìkẹyìn nìkan ló ń jẹ ẹ́ lógún. Manual gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ìgbà tí o bá ní kó lọ nìkan ló sì ń lọ. Ẹ má ṣe fi RequestSerialization sábẹ́ Update (tó ń ṣiṣẹ́ láìdúró) láé. Gbogbo Udon tó wà nínú ayé yín ló jọ ń pín nǹkan bíi kílóbáìtì 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ilé ayò méjìlá ní int (oríṣi iye tó ń gba báìtì 4) jẹ́ báìtì 48. Tí o bá fi byte (tó ń gba báìtì 1) ṣe é, ó di 12, byte kan sì lè ka dé 255, ọmọ ayò ò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láé.

Ará_Tánkẹ̀

Mo ti sọ ọ́ di byte. Start ti ṣófo. Mo dán an wò pẹ̀lú fèrèsé méjì ní gbogbo ọ̀sán, mo ti ọ̀kan pa láàárín eré, mo tún ṣí i, ojú ọpọ́n ò yí.

Lẹ́yìn ìrun ìṣá lánàá, gbogbo wa wọlé, àwa mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin dé gbẹ̀yìn. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó wo ọpọ́n títí, ó ní ilé kẹta ni kí n ta. Mi ò gbọ́ tirẹ̀. Iná wọn lọ lẹ́ẹ̀kan ní Ọ̀fà, ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó padà wá jókòó, a bẹ̀rẹ̀ níbi tí a dé.

Ó jẹ 27. Èmi jẹ 21.